‘Ta ni ó ni oyún?’: Àyẹ̀wò èdè àti ìṣe tí ó yọ ọkùnrin sẹ́yìn nínú ìtọ́jú aboyún

1. Ìfáárà

Bí ọmọbìnrin kan bá lóyún ní ilé bàbá rẹ̀, ìbéèrè kìíní tí àwọn òbí rẹ̀ yóò bi í ni pé, ‘Ta ni ó ni oyún?’ Ìbéèrè yìí kì í rú ẹnikẹ́ni lójú. Gbogbo ilé mọ̀ pé inú ọmọbìnrin náà ni oyún wà. Síbẹ̀, ẹlòmíràn ni wọ́n ń wá gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ni ín. Nígbà tí ọkùnrin kan bá jẹ́wọ́ pé òun ni, ara a tu ẹbí, a sì mú ọmọbìnrin náà lọ fún àwọn ènìyàn ọkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọkùnrin ti ni oyún. Ohun tí ó yẹ kí ó máa ṣe sí oyún tí ó ni yìí títí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ yóò fi pé ni kò sí nínú ìbéèrè náà, kò sì sí nínú ìdáhùn rẹ̀.

Àlàfo yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí. Láti ìgbà ìpàdé àgbáyé lórí iye ènìyàn àti ìdàgbàsókè tí ó wáyé ní ìlú Cairo ní ọdún 1994 ni àwọn ìjọba ti fẹnu kò pé kí a fa ọkùnrin wọ inú ọ̀rọ̀ ìlera ìbímọ. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìkópa ọkùnrin sí ara àwọn àbá rẹ̀ fún ìtọ́jú ìyá àti ọmọ tuntun. Nígbà tí àwọn ọkùnrin wa kò wá, àlàyé tí ó máa ń yá lẹ́nu ni pé àṣà ni kò jẹ́. A ti gbọ́ àlàyé yìí tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ́.

Èrò tiwa yàtọ̀. A ó gbìyànjú láti fi hàn pé ọkùnrin Yorùbá kò fi ìgbà kan wà lẹ́yìn òde ọ̀rọ̀ oyún. Ó ní àṣẹ púpọ̀ níbẹ̀. Ohun tí kò ní ni ìmọ̀. Àṣẹ tí kò ní ìmọ̀ nínú ni ìdènà tí ó burú jù lọ, kì í sì í ṣe àṣà nìkan ni ó mọ odi náà. Ilé ìwòsàn àti èdè ìpolongo ìlera wà lára àwọn tí ó mọ ọ́n.

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé inú ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ èdè ni irú iṣẹ́ yìí ti ń wáyé. Ìdí wa ni pé orí ọ̀rọ̀ ni ìpinnu ti ń bẹ̀rẹ̀: ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe oyún, ọ̀rọ̀ tí a fi ń kí olóyún, ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì bá ọkọ sọ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ìwádìí orílẹ̀-èdè wa lórí iye ènìyàn àti ìlera ti ọdún 2018 fi hàn pé, nínú ìbímọ alààyè 100,000, ìyá 512 ni ó ń bá oyún àti ìbímọ lọ. Ìwádìí yìí kan náà sọ pé 39 péré nínú ìbímọ 100 ni ó wáyé ní ilé ìwòsàn. Òótọ́ ni pé ìpín ti ìwọ̀-oòrùn gúúsù sàn ju èyí lọ, ṣùgbọ́n ibikíbi tí a bá ti ń bímọ sí ilé, ẹni tí ó wà nínú ilé ni yóò sọ pé ó tó àkókò tí a ó gbéra tàbí kò tíì tó.

2. Ohun tí èdè sọ

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Nínú gírámà Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni ó wà níhìn-ín tí ohùn nìkan yà sọ́tọ̀. ‘Ní’, tí ó ní ohùn òkè, ni a ń lò fún ohun tí ó wà lọ́wọ́ ẹni tàbí lára ẹni: ó ní owó, ó ní ọgbẹ́ lẹ́sẹ̀. ‘Ni’, tí ó ní ohùn àárín, ni a ń lò fún ohun tí ó jẹ́ ti ẹni, ìbáà má tilẹ̀ sí ní ìkáwọ́ rẹ̀: èmi ni mo ni ilé yìí. Onílé lè wà ní ìlú Èkó kí ilé rẹ̀ wà ní Ọ̀yọ́, kí ayálégbé kún inú rẹ̀; òun náà ni ó ni ín. A ń sọ pé obìnrin ní oyún. A sì ń wá ọkùnrin tí ó ni oyún. Ìyàtọ̀ ohùn òkè sí ohùn àárín yìí ni ìyàtọ̀ ẹni tí ó ń gbé inú ilé sí ẹni tí ó ń gbowó ilé.

A kò sọ pé gírámà ni ó ń pa ènìyàn. Bí èdè ti pín nǹkan ni ó máa ń rọrùn fún elédè láti pín in, ìyẹn ni a ń sọ. Kò sí ẹni tí í bá onílé wí pé kò mọ àjà tí ó ń jò, bí ayálégbé kò bá tíì lọ sọ fún un.

Bí a bá wá wo àdúrà tí a ń ṣe fún aboyún, a ó rí ọkùnrin níbẹ̀, ṣùgbọ́n yóò gba àkíyèsí. Àdúrà tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a gbọ́ ohùn ọmọ. Àwọn méjì ni a dárúkọ. Àwọn kan ti tọ́ka sí i pé bàbá kò sí nínú rẹ̀. Ó wà níbẹ̀: inú ‘a’ ni ó wà. Òun ni ó wà lára àwọn tí ó dúró síta tí wọ́n ń dẹ etí sí ohùn. Iṣẹ́ tí àdúrà náà fún un ni iṣẹ́ etí.

Lẹ́yìn tí ọmọ bá dé, a ó kí ìyá pé, ‘Ẹ kú ewu ọmọ.’ Bákan náà gẹ́lẹ́ ni a ó kí bàbá. A kì í wá ìkíni mìíràn fún un. Ọ̀rọ̀ yìí tọ́ sí àròjinlẹ̀, nítorí pé ewu ni ó dárúkọ, kì í ṣe ayọ̀, ó sì pín ewu náà fún ọkọ, fún ìyá ọkọ, fún gbogbo ẹbí. Èdè wa gbà pé ewu oyún kan ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ewu ti kọjá ni a ń sọ fún un.

Nítorí náà, bí a bá to gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohun tí a rí ni pé ṣáájú, ọkùnrin ni oyún. Nígbà ìrọbí, ó ń dẹ etí. Lẹ́yìn ìbímọ, a kí i kú ewu. Láàárín oṣù mẹ́sàn-án, kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe kan tí ó jẹ́ tirẹ̀.

3. Ìgbà tí àlàfo náà kò ṣófo

Ẹni tí ó bá dúró síbi tí a dé yìí lè tètè sọ pé, ẹ ò rí i, àṣà náà ni. Ṣùgbọ́n a ní láti béèrè bí àwọn tí ó ni àṣà náà ti ń gbé nígbà tí wọ́n ń lò ó. Agbo ilé ni wọ́n ń gbé. Nínú agbo ilé, iṣẹ́ ìtọ́jú aboyún pín sí ọ̀nà méjì. Ìyá ọkọ, àwọn ìyálé àti àwọn obìnrin ilé ni wọ́n ń rí aboyún lójoojúmọ́. Wọ́n mọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rí lánàá, wọ́n sì mọ̀ bí ó bá wú lónìí. Àwọn ni wọ́n ń mọ ìgbà tí a ó ránṣẹ́ sí agbẹ̀bí. Ní ti ọkọ, òun ni ó ń tọ babaláwo tàbí oníṣègùn lọ. Òun ni ó ń wá ohun tí a ó fi ṣe àgbo àti àṣèjẹ. Bí wọ́n bá sọ pé kí a de oyún kí ó má baà wálẹ̀, òun ni yóò san ohun tí wọ́n bá béèrè. Ọ̀pọ̀ àwọn oníṣègùn wọ̀nyí gan-an, ọkùnrin ni wọ́n. Ní ilé púpọ̀, bàbá ni ó ń ri ibi ọmọ mọ́lẹ̀ nígbà tí a bá bímọ tán.

Nítorí náà, kò tọ́ láti sọ pé àṣà Yorùbá lé ọkùnrin kúrò nídìí oyún. Ó fún un níṣẹ́. Kò fún un ní ìmọ̀ ara obìnrin, nítorí pé àwọn tí ó ní ìmọ̀ náà kò jìnnà sí yàrá aboyún. Ọkọ lè má mọ nǹkan kan, kí ilé rẹ̀ sì kún fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

A kò gbọdọ̀ fi èyí ṣe ẹ̀ṣọ́ fún ayé àtijọ́. Àwọn ìyá ń kú nígbà náà pẹ̀lú. Ìtàn Ìyálóde Efúnṣetán ti Ìbàdàn, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá fi kọ eré onítàn rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1970, kò ṣe é gbọ́ yé láìrántí pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí obìnrin alágbára yìí bí, orí ìkúnlẹ̀ ni ó kú sí. Ẹrú àti ọrọ̀ Ìyálóde kò lè gbà á sílẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ kíyè sí ni pé, bí a ti sábà máa ń sọ ìtàn náà, ìbànújẹ́ ìyá ni ó kún inú rẹ̀. Ọkọ ọmọ tí ó kú náà kì í lórúkọ, kì í sì í lóhùn. Àwa òǹkàwé gan-an kì í béèrè rẹ̀.

Lónìí, agbo ilé ti tú. Ọkọ, aya àti ọmọ kan ni ó wà nínú ojúlé kan ní Agége tàbí ní Mókọ́lá. Ìyá ọkọ wà ní ìlú rẹ̀, ìyá ìyàwó wà ní ọjà tirẹ̀; ó di ìgbà tí a bá bímọ tán kí ọ̀kan nínú wọn tó wá wẹ ọmọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára aboyún ní aago méjì òru, ẹni kan ṣoṣo tí ó jẹ́ àgbà nínú yàrá náà ni ọkọ. Òun ni ìyá ọkọ, òun ni ìyálé, òun ni ẹni tí yóò sọ pé èyí kì í ṣe ohun tí a ń fi ilẹ̀ mọ́ dúró dè. Ìdajì àdéhùn àtijọ́, èyí tí ó sọ pé kí ọkùnrin má mọ̀, ni ó wà nílẹ̀. Ìdajì kejì, èyí tí ó fi àwọn tí ó mọ̀ yí aboyún ká, ti lọ pẹ̀lú agbo ilé. Bí ẹnìkan bá ń pe èyí ní àṣà, àṣà tí ó kù sẹ́yìn àwọn tí ó ni ín ni.

4. Ilé ìwòsàn àti ọkùnrin

Ó wọ́pọ̀ láti rò pé ìlú ni ó ní àṣà, pé ilé ìwòsàn kò ní. Ilé ìwòsàn ní àṣà tirẹ̀, kò sì ṣòro láti mọ ibi tí ó ti mú un wá. Nígbà tí a ṣí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn ní ọdún 1957, àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ṣe àwòkọ́ṣe kì í jẹ́ kí ọkọ wọ yàrá ìgbẹ̀bí ní gbogbogbò. Ó di nǹkan bí ọdún 1970 sí 1980 kí ó tó di ohun tí ó wọ́pọ̀ lọ́hùn-ún pé kí bàbá wà níbi ìbímọ. Wọ́n ti yí tiwọn padà. Èyí tí wọ́n kó fún wa ni a ń lò lọ, a sì wá ń pè é ní àṣà Yorùbá.

A kò dá àwọn nọ́ọ̀sì lẹ́bi. Bí ibùsùn mẹ́rin tàbí mẹ́fà bá wà nínú yàrá ìrọbí kan láìsí aṣọ ìkélé láàárín wọn, ọkọ ẹnìkan tí ó bá wọlé, ìhòòhò aya ẹlòmíràn ni yóò bá pàdé. Nọ́ọ̀sì tí ó ní kí ó dúró síta ń dáàbò bo obìnrin márùn-ún tí kì í ṣe aya rẹ̀. Ìdènà tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe èrò ọkàn ọkùnrin náà. Aṣọ ìkélé ni.

Ọjọ́ ìtọ́jú aboyún pẹ̀lú kò yàtọ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni ó sábà máa ń jẹ́. Àwọn obìnrin a ti jókòó láti aago méje. A ó kọrin ìlera, a ó ṣe àlàyé, a ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, a ó yẹ ikùn wò. Awakọ̀, mẹkáníìkì tàbí bíríkìlà tí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ títí di ọ̀sán ti pàdánù owó oúnjẹ ọjọ́ náà. Bí ó bá sì wá, kò sí àga fún un nínú gbọ̀ngàn. Abẹ́ igi ni yóò dúró sí. Àlàyé tí a ṣe fún àwọn obìnrin náà kò dé abẹ́ igi.

Ẹ wá jẹ́ kí a wo ohun tí ilé ìwòsàn ń fẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin, nítorí pé irọ́ ni pé kò fẹ́ nǹkan kan. Ó ń fẹ́ owó, bẹ̀rẹ̀ láti orí káàdì dé orí oògùn. Ó ń fẹ́ ìfọwọ́sí, pàápàá bí ọ̀rọ̀ bá di iṣẹ́ abẹ. Ní àwọn ilé ìwòsàn kan, ó ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀, kí ọkọ fi páìǹtì kan sílẹ̀ kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó dé. Nígbà tí ọmọ bá sì dé, a ó gbé ibi ọmọ lé e lọ́wọ́ kí ó lọ rì í. Owó, ìfọwọ́sí, ẹ̀jẹ̀, ibi ọmọ: nǹkan mẹ́rin ni ó ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó gbà pé kí ẹnikẹ́ni jókòó tì í kí ó sọ fún un ohun tí ó ń ṣe aya rẹ̀.

Ẹ wo ìfọwọ́sí nìkan. A pe ọkùnrin kan lójijì, a ní ọmọ kò lè gba ọ̀nà rẹ̀ wá, a ní kí ó fọwọ́ sí ìwé. Láti oṣù mẹ́sàn-án, ohun kan ṣoṣo tí ó ti gbọ́ nípa ìbímọ ni àdúrà pé kí aya òun bí wẹ́rẹ́ bí àwọn obìnrin Hébérù. Ní etí ẹni bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ abẹ kì í ṣe ìtọ́jú. Ó dà bí ẹni pé àdúrà kò gbà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ pe bàbá òun. Ó ní kí wọ́n fún òun ní wákàtí kan. A ó wá sọ pé àìmọ̀kan ni ó ń dà á láàmú. Ta ni ó yẹ kí ó ti fún un ní ìmọ̀ náà, nígbà wo, àti níbo?

Nínú àpilẹ̀kọ wọn tí ó jáde ní ọdún 1994, Thaddeus àti Maine pín ìdádúró tí ó ń pa aboyún sí mẹ́ta: ìdádúró níbi ìpinnu láti wá ìtọ́jú, ìdádúró lójú ọ̀nà, àti ìdádúró nínú ilé ìwòsàn. Bí a bá fi ọkùnrin tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wo ìpín náà, a ó rí i pé ó wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ilé, òun ni yóò sọ pé kí a gbéra; lójú ọ̀nà, òun ni yóò wá ọkọ̀; ní ilé ìwòsàn, òun ni a ń dúró de owó àti ìfọwọ́sí rẹ̀. A kò lè pe ẹni tí ó wà ní ibi mẹ́ta báyìí ní ẹni tí kò kópa.

5. Ẹ̀gàn, àti ohun tí ẹ̀gàn lè rí

A gbà pé ẹ̀gàn wà. Ọkùnrin tí ó bá gbé báàgì aya rẹ̀ lọ sí ọjọ́ aboyún, tí ó sì jókòó sáàárín àwọn obìnrin, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò sọ pé aya rẹ̀ ti fún un jẹ. Ìyá rẹ̀ lè sọ pé ìyàwó ti fi ọmọ òun sápò. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń dunni, wọ́n sì ń dá ọkùnrin púpọ̀ padà.

Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀gàn yìí ń bá jà? Ohun tí ojú lè rí ni: báàgì, ìjókòó, ìrìn pọ̀. Kò sí ẹni tí í bú ọkùnrin nítorí pé ó mọ̀ pé orí fífọ́ líle pẹ̀lú ojú ṣíṣú àti ọwọ́ wíwú lè ṣáájú gìrì aboyún. Ìmọ̀ kò ṣe é rí lára, nítorí náà kò ṣe é fi ṣẹ̀sín. Àwọn tí ó ń polongo ìkópa ọkùnrin ti fi ìtẹ̀lé aya lọ sí ilé ìwòsàn ṣe òṣùwọ̀n, wọ́n sì ń ka iye ọkọ tí ó wá. Ohun tí wọ́n yàn láti béèrè ni èyí tí ẹ̀gàn lè tètè rí jù, tí ó sì ń gba ọjọ́ iṣẹ́ jù. Nígbà tí a kò bá rí i gbà, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àṣà ni ìdènà.

6. Èdè ìpolongo

Kò sí ààyè láti yẹ gbogbo ìpolongo wò níhìn-ín. Díẹ̀ ni a ó mú. Ní ọdún 1989, King Sunny Adé àti Onyeka Onwenu jọ gbé orin ‘Choices’ àti ‘Wait for Me’ jáde láti fi polongo ìfètò sí ọmọ bíbí. Ohùn ọkùnrin àti ohùn obìnrin jọ wà nínú rẹ̀, èyí sì ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìgbà tí oyún kò tíì dé ni. Nígbà tí oyún bá ti dé, ìpolongo a yí ojú sí obìnrin nìkan: orin tí a ń kọ ní gbọ̀ngàn aboyún, ìyá ni ó ń bá sọ̀rọ̀.

Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ètò Abíyè bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009 ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ̀. Orúkọ náà dára púpọ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé ẹni tí ó bímọ tí ọmọ náà sì yè ni a ń pè bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn tí a wá kọ́ ní Àkúrẹ́ lábẹ́ ètò náà, ti Ìyá àti Ọmọ ni orúkọ rẹ̀. Àdúrà ìṣáájú náà ni a kọ sára ògiri: ohùn ìyá, ohùn ọmọ. Ẹni kẹta ṣì wà níta.

Òfin iṣẹ́ pẹ̀lú ní èdè tirẹ̀. Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974 fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ méjìlá, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Kò dárúkọ bàbá. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí ó jẹ́ ọkùnrin ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ní ọdún 2014, ìjọba àpapọ̀ sì fún tirẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rìnlá ní ọdún 2022. Ìtẹ̀síwájú ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìbímọ ni ọjọ́ wọ̀nyí wà fún, gẹ́gẹ́ bí ‘ẹ kú ewu ọmọ’ ti rí, wọn kò sì kan awakọ̀ àti bíríkìlà tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba.

Nígbà tí ìpolongo bá yíjú sí ọkùnrin, àṣẹ ni ó sábà máa ń pa fún un: kí ó tẹ̀lé aya rẹ̀, kí ó fún un lówó, kí ó fẹ́ràn rẹ̀. Obìnrin ni a ń ṣàlàyé fún. Ọkùnrin ni a ń gbà níyànjú. A ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò dára, kì í ṣe bí ẹni tí a kò sọ fún.

7. Àtakò kan tí ó lágbára

Àwọn kan yóò sọ pé ewu wà nínú ohun tí a ń sọ. Bí ọkùnrin bá ti ní àṣẹ jù, ṣé kì í ṣe pé a fẹ́ fi kún un? Wọ́n ní ẹ̀rí. Níbi tí a bá ti sọ pé kí aboyún mú ọkọ wá dandan, obìnrin tí kò ní ọkọ tàbí tí ọkọ rẹ̀ kọ̀ ni ó ń jìyà òfin náà. Ètò Abíyè fúnra rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn: ó fún àwọn aboyún ní fóònù tí wọ́n lè fi pe òṣìṣẹ́ ìlera, láìdúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni. Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè, ti ọdún 2014, sì sọ pé ẹni tí a ń tọ́jú gan-an ni a gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìtọ́jú fún. Èrò àwọn wọ̀nyí ni pé kí a yí ọkùnrin ká, kí a má dúró dè é.

A gba ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Ìfọwọ́sí obìnrin sí ìtọ́jú ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró de ẹnikẹ́ni, bí ó bá lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tí gìrì mú kò lè tẹ fóònù, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dà títí tí ó dákú kò lè fọwọ́ sí ìwé. Ní wákàtí náà, a kò lè yí ẹni tí ó kù nínú yàrá ká. Ohun tí a ń béèrè kì í ṣe pé kí a fi àṣẹ kún àṣẹ rẹ̀. Ìmọ̀ ni a ní kí a fún un, nítorí pé ẹni tí ó mọ̀ kì í pẹ́ kí ó tó sọ pé kí a máa lọ, ẹni tí kò mọ̀ ni ó máa ń fi àṣẹ bo ẹ̀rù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọkọ tí ó ti gbọ́ àlàyé lè sọ ọ́ sílẹ̀ ní oṣù keje pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí òun kò sí nílé, kí a má dúró de òun. Gbólóhùn kan yìí ju ìtẹ̀lé lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ.

8. Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ‘àṣà ni kò jẹ́’ kì í ṣe àlàyé tí ó tó. Èdè Yorùbá sọ ọkùnrin di ẹni tí ó ni oyún, ó sì pín ewu oyún fún un. Agbo ilé fi àwọn obìnrin tí ó mọ̀ dí àlàfo tí ó wà láàárín. Agbo ilé tú, ilé ìwòsàn kò dí àlàfo náà, ìpolongo sì ń fi ìmọ̀ràn ránṣẹ́ síbi tí ó yẹ kí àlàyé dé.

Igi gànǹgàn má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ohun tí ọkùnrin gbọ́dọ̀ mọ̀ kò pọ̀: ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dà, orí fífọ́ líle, ojú ṣíṣú àti ara wíwú, gìrì, ibà gbígbóná, omi tí ó dà kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀, ìrọbí tí ó ju wákàtí méjìlá lọ. Ẹnikẹ́ni lè kọ́ ọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́nu iṣẹ́, ní ìpàdé ẹgbẹ́ awakọ̀, lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ tàbí lẹ́yìn ìsìn. Kò di dandan kí ó gba ọjọ́ aboyún. Níbi tí agbára bá wà, kí a ta aṣọ ìkélé sáàárín ibùsùn, kí a ṣí ilé ìtọ́jú ní ọ̀sán Sátidé.

Fún àwa tí a jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ èdè, iṣẹ́ kan wà tí ó jẹ́ tiwa. Àwọn orin àti àlàyé tí a ń lò fún ìlera aboyún, ẹnìkan ni ó ń kọ wọ́n, Yorùbá ni ó sì fi ń kọ wọ́n. Bí a kò bá bá wọn dá sí i, irú èyí tí kò rí ju ìyá àti ọmọ lọ ni wọn yóò máa kọ. A fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún àríyànjiyàn àwọn olùkọ́ àti akẹgbẹ́ wa. Ìbéèrè tí ẹbí ń bi ọmọbìnrin kò ní í parẹ́, kò sì yẹ kí ó parẹ́. Ohun tí a fẹ́ ni pé, nígbà tí a bá ti rí ẹni tí ó ni oyún, kí a bi òun náà ní ohun tí ó mọ̀ nípa rẹ̀.